Ọjà Kan Náà, Iye Méjì: Níbo Ni Òfin Dúró Sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ń bi onílé rẹ̀. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀n dé fún ọdún Iléyá ń bi ọlọ́kadà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lójú iná Band A ń bi ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná IBEDC. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi nílùú Ọ̀fà: ṣé ó bófin mu kí wọ́n gba iye kan lọ́wọ́ mi, kí wọ́n sì gba iye mìíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn lórí ohun kan náà?

Ìdáhùn tó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn létí ni pé kò bófin mu, pé ìrẹ́jẹ ni, kí ìjọba wá kó wọn. A ti yẹ òfin wò, ìdájọ́ tiwa kò sì lọ síbẹ̀. Iye tó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan sí òmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó yẹ ká wádìí ni bóyá ẹni tó ń sanwó mọ ohun tó ń sanwó lé lórí, àti bóyá ó ní ibòmíràn tó lè gbà lọ. Bí kò bá mọ̀, tàbí bí kò bá ní ibòmíràn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ òfin ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń gbowó oṣù lórí òfin ti ń sùn jù.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ọjà Ọwọ̀dé. Kò sí ẹni tó ń kọ iye sára ànàmọ́ lọ́jà yẹn. Ká ní ìyá alánàmọ́ pe òkìtì kan ní ₦2,000. Oníbàárà ní ₦1,200 lòun á san. “Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀, ọkọ mi. Ẹ wò ó bó ṣe tóbi.” Oníbàárà á ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, wọ́n á pè é padà, wọ́n á sì parí ẹ̀ sí ₦1,500. Ẹni tó tẹ̀lé e kò mọ ọjà ná. ₦1,800 ló san, ṣùgbọ́n ìyá fi ẹyọ mẹ́ta ṣe èènì fún un nítorí pé ìsọ̀ yẹn ni ìyá tó bí i lọ́mọ ti ń rajà tipẹ́. Ta ló ra ọjà ọ̀wọ́n nínú àwọn méjèèjì? Adájọ́ tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn yóò jókòó ka ànàmọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù níbẹ̀rẹ̀ 2019, tó sì bí àjọ FCCPC. Kò sí abala kan nínú rẹ̀ tó pàṣẹ pé iye kan ṣoṣo ni kí ọlọ́jà tà fún gbogbo ayé. Abala 115 ló sún mọ́ ọn jù, òun sì ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn kedere. Bí a bá ka abala yìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìyá alánàmọ́ ti rú òfin láti àárọ̀. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lọ mú un. Ọjà tí a ń ná ní ìlànà tirẹ̀: ẹni tó fẹ́ rà ń yí ìsọ̀ mẹ́rin ká kó tó yanu, iye tó ń lọ lọ́jọ́ náà sì ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìlú tí mọ́sálááṣí pọ̀ tó báyìí kò ní ṣàì rántí pé àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ọjà gbówó lórí ní Mẹ̀dínà, Ànábì kọ̀ láti dá iye lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé èèyàn lè ta ọjà àwìn ju ti owó ọwọ́ lọ, bí ẹnu bá ti kò lórí iye náà kí wọ́n tó túká. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí oníṣòwò lọ dènà de ará oko, kó ra ẹrù rẹ̀ kí ẹni yẹn tó wọ ọjà tó máa gbọ́ iye tó ń lọ. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n fa ìlà sí. Iye tó kéré kọ́ ló bí wọn nínú. Wọ́n ní kò dára kí ẹnìkan mọ̀ kí ẹnìkejì má mọ̀. Àwọn tó ń dúró lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, tí wọ́n ń dá àgbẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, mọ̀ pé àwọn la ń bá wí.

Ìjọba tó gbìyànjú láti fi agbára sọ iye di ọ̀kan ṣoṣo kò rí ire mú bọ̀. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba àwọn òyìnbó dá iye lé gààrí àti oúnjẹ mìíràn l'Ékòó, wọ́n fi Kápútẹ́ènì Pullen ṣe alábòójútó. Gààrí sá kúrò lójú ọjà, ó bọ́ sí kọ̀rọ̀, ó sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alímọ̀tù Pẹ̀lẹ́wúrà kó àwọn obìnrin ọjà jọ, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, nígbà tó di 1945 ìjọba jáwọ́. Àwọn tó ti dàgbà láàárín wa rántí 1984 náà, nígbà tí àwọn sójà ń já ilé ìkẹ́rù, tí wọ́n ń ta mílíìkì àti òróró oníṣòwò ní iye tí ìjọba fẹ́, tí èèyàn ń tò lórí ìlà fún ọjà kòṣeémánìí tí wọ́n ń pè ní èsẹ́ńkò. Ọjà tí sójà bá tà lónìí, ta ni yóò tún lọ rà á wá lọ́la?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá yí padà sí nìyí, a sì fẹ́ kí àwọn olórí ẹgbẹ́ ọjà ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Òfin 2018 kò bá ọlọ́jà tó ń ta ní iye mẹ́ta wí. Àwọn ọlọ́jà tó jókòó ṣèpàdé, tí wọ́n fẹnu kò pé iye kan báyìí ni gbogbo wọn á máa tà, tí wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá tà án lọ́pọ̀, àwọn gan-an ló ń bá wí. Abala 59 sọ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò bófin mu, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Tunji Bello gba ipò ọ̀gá FCCPC ní 2024, lára ohun tó kọ́kọ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń di ọjà mọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé ohun tí ará ìlú ń pè ní ètò tó dára, kí gbogbo ìsọ̀ máa tà ní iye kan, ni òfin ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ló jàre. Bí ẹgbẹ́ bá ti gba iye lẹ́nu ọlọ́jà, oníbàárà tó ń yí ìsọ̀ mẹ́rin ká ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ lásán ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì bọ́ síbẹ̀. Onílé kan tó ní yàrá òun wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ju òṣìṣẹ́ lọ ń ṣe ohun tó wù ú. Ó lè jẹ́ nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ń ba nǹkan jẹ́, ó lè jẹ́ ojúkòkòrò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wá ilé mìíràn. Bí àwọn onílé àdúgbò bá wá ṣèpàdé, tí wọ́n kọ iye akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìwé, tí ajẹ́ǹtì ń gbé e kiri, àdéhùn ni wọ́n ṣe yẹn, abala 59 sì lè kàn wọ́n. Ní ti ẹni tó ti ìlú òkèèrè dé, tí ọlọ́kadà wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì sọ owó di ìlọ́po méjì, a kò ní ẹjọ́ kan láti bá a dá. Kó bèèrè iye kó tó gùn ún.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kì í ṣe ọjà nínà. Kóńgò wà lọ́jà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí tó fi wú sókè nínú. Bó o bá gbé e lọ́wọ́, kóńgò ni; bó o bá da ìrẹsì inú rẹ̀ sínú kóńgò tí kò ní àbùkù, kò ní kún. Àwọn kan ń lo méjèèjì: èyí tó dára fún ẹni tó mọ̀ wọ́n, èyí tó wú fún àlejò. Ẹnu wọn pe iye kan fún gbogbo èèyàn, ọwọ́ wọn ló ń ṣèyàtọ̀. Èyí kò ní àwíjàre kankan. Òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n wà nínú ìwé òfin ìjọba àpapọ̀, Bíbélì àti Kùránì sì ti fi òṣùwọ̀n èké bú. A kò rí ìdí tí ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó ìsọ̀ kò fi lè gbé kóńgò kan tó pé sí ẹnu ọ̀nà ọjà, kí ẹni tó bá fura wá da tirẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ̀tàn kan náà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí iye ti wà lára pẹpẹ, tí ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì ń yọ òmíràn. Abala 115 ò fi èyí pa mọ́: oníbàárà kò gbọdọ̀ san ju iye tí wọ́n kọ síta lọ, bí wọ́n bá kọ méjì síta, èyí tó kéré ni yóò san. Ẹ̀sùn yìí ni FCCPC fi ti ilé ìtajà Sahad pa ní Garki, Àbújá, lọ́jọ́ 16 oṣù Kejì 2024. Bí òfin ṣe dé Garki náà ló dé Ọ̀fà. Ẹni tó bá bá irú rẹ̀ pàdé, kó fi fóònù ya àwòrán iye tó wà lára pẹpẹ, kó dúró lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó má sì gbà kí akọ̀wé owó sọ fún un pé “iye àtijọ́ nìyẹn.” Òfin kan náà ní abala 127, tó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni ta ọjà ní iye tí gbogbo ojú rí pé ó ti kọjá ààlà. Abala yẹn ni kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bà jẹ́ lóru, tí wọ́n ta ike epo kan fún ní owó ike márùn-ún, dì mú.

Nípa owó ọwọ́ àti tiransífà, ìlú wa ní ìtàn tirẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè kọlu báńkì márùn-ún tí wọ́n sì pa ohun tó ju ọgbọ̀n èèyàn lọ, ilẹ̀kùn báńkì wà ní títì pa ní Ọ̀fà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn onípíọ̀ọ̀ésì ló di báńkì wa. Nígbà tí owó náírà pòórá níbẹ̀rẹ̀ 2023, kárí Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gba tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ibòmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí owó tí wọ́n bá fún ẹni tó ni ín, kó tó di pé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó náà lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta. Èèyàn bú wọn nígbà náà, àwa náà kò gbóríyìn fún wọn. Ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ hàn ṣá: onípíọ̀ọ̀ésì ń ta iṣẹ́, ó ń ra owó náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó tà á fún ọ.

Ilé epo kò ní irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ₦100 lé e nítorí pé káàdì lo fẹ́ fi sanwó, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ lórí POS láti 2011 ti kọ̀ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ọlọ́jà kò gbọdọ̀ pe iye mìíràn, kò gbọdọ̀ lé owó sí i, kò gbọdọ̀ ya ẹni tó bá fi káàdì tàbí ọ̀nà orí ẹ̀rọ mìíràn sanwó sọ́tọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò, bóyá ibí nìkan ni òfin ilẹ̀ wa ti sọ gbangba pé iye kan náà ni kí gbogbo èèyàn san. Ibí náà ni wọ́n ti ń rú u lójoojúmọ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ epo kí gbogbo ayé lè kà á.

A bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 42, kọ̀ fún ìjọba láti fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà tàbí fún un ní àǹfààní nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìjọba ni abala yìí ń bá sọ̀rọ̀. Kò bá ìyá alánàmọ́ wí. Síbẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi nílẹ̀ yìí ló ní iye méjì fún owó ilé-ìwé ní yunifásítì àti pólì wọn, ọ̀kan fún ọmọ ìpínlẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀. Àwíjàre wọn ni pé owó orí àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ ló kọ́ ilé-ìwé náà. Ó dún bí òótọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn ń gbé ló ti ń san owó orí, kì í ṣe ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Aránṣọ tó wá láti Òkukù, tó ti ń gbé Ọ̀fà láti kékeré, Kwara ló ń sanwó orí fún, ọmọ rẹ̀ sì ni wọn yóò pè ní àlejò. Ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Kádúná, tí bàbá rẹ̀ kò san kọ́bọ̀ fún Kwara rí, ni wọn yóò bu iye tó kéré fún. Bí ìjọba bá fẹ́ ran àwọn tó ń sanwó orí lọ́wọ́, kó béèrè ìwé owó orí dípò ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú. Ní ojú tiwa, iye méjì tí wọ́n pín lórí ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ kò lè dúró níwájú abala 42, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó bá fẹ́ láti yí i padà kò sì nílò àṣẹ ilé-ẹjọ́ kankan.

Iná ló kù, òun ló sì ta wá jù. Láti 2020 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mọ̀nàmọ́ná, ti pín oníbàárà sí Band A títí dé E: wákàtí 20 lójúmọ́ fún A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, 4 fún E. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé iye Band A fò láti nǹkan bíi ₦66 sí ₦225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan; lẹ́yìn náà ó sọ̀ sí ₦206.80, kó tó tún gun ₦209.50. Iye àwọn yòókù dúró síbi tó wà. Ilé méjì lè kọjú síra ní àdúgbò kan náà, kí fíídà tó ń fún wọn níná yàtọ̀, kí ẹnìkan máa san ìlọ́po mẹ́ta owó ẹnìkejì.

Ṣé ó bófin mu? Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin iná fún NERC lágbára láti dá iye, òfin iná àtijọ́ ti 2005 sì ti sọ pé kí ètò iye má ṣe ya oníbàárà sọ́tọ̀ láìnídìí. Ìdí wà níbí: wákàtí 20 kì í ṣe wákàtí 8. Àwọn tó ń pariwo pé kí iye iná jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo èèyàn kò rò ó dé ibì kan, nítorí ẹni tó ń rí iná wákàtí 8 kò ní fẹ́ san iye ẹni tó ń rí 20.

Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n gba owó A, kí wọ́n sì fún èèyàn ní C. Ìlànà NERC fúnra rẹ̀ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá kùnà fún ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn, kó ṣàlàyé fún oníbàárà kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Bó bá di ọjọ́ méje, kí fíídà náà já wálẹ̀ kúrò ní Band A. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Àbújá, AEDC, gba owó Band A lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe Band A, NERC bu ìtanràn ₦200 mílíọ̀nù lé e ní oṣù kan náà tí iye tuntun bẹ̀rẹ̀. Agbára wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, ó sì yẹ kí wọ́n fi hàn pé ó ṣì wà.

Ìdí tí a fi le koko lórí iná ju ànàmọ́ lọ ni pé wáyà kan ṣoṣo ló wọ ilé. Oníbàárà IBEDC kò lè ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, kí wọ́n pè é padà. South Africa kọ irú ìyàtọ̀ yìí sínú òfin wọn ní 1998: ilé-iṣẹ́ tó bá ti gba ọjà kankan mọ́ra kò lómìnira tí ọlọ́jà kékeré ní láti máa pe iye bó ṣe wù ú. Amẹ́ríkà ti ní òfin lórí iye méjì láti 1936, àmọ́ àwọn oníṣòwò tó ń rajà lọ tún tà ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹni tó ń ra nǹkan lọ sílé. Lọ́dún 2025, ìpínlẹ̀ New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú àwọn ilé ìtajà tó ń fi kọ̀ǹpútà wo ìṣesí oníbàárà kí wọ́n tó pe iye fún un pé kí wọ́n sọ fún un gbangba. Nínú òfin tiwa, abala 72 ló kọ̀ kí ẹni tó ti gba ọjà mọ́ra máa bu iye tó pọ̀ jù. FCCPC àti NERC ni kí wọ́n jọ fi ṣiṣẹ́ lórí iná, kí ẹnìkan má máa nàka sí ẹnìkejì.

Bí ètò ṣe wà báyìí, ẹni tó ń gba owó náà ló ń ka wákàtí. Oníbàárà mọ̀ pé iná kò tàn tó wákàtí 12 lánàá, ilé-iṣẹ́ ní 20 ló wà lákọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kí IBEDC lẹ àkọsílẹ̀ wákàtí fíídà kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ọ̀fà ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Kí iye owó tó yẹ kí wọ́n dá padà wọ mítà oníbàárà bíi tókìn láìdúró de ìwé ẹ̀hónú. Títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn àdúgbò tó wà lórí Band A yan ẹnìkan tí yóò máa kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ, kí èèyàn méjì buwọ́ lù ú lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n gbé e fún IBEDC. Bí IBEDC kò bá dáhùn, kí ìwé náà gba ọ̀dọ̀ NERC lọ.